Òkun tó wà lábẹ́ Ewékorò: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa òkúta ẹfun ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn fọ́sììlì inú rẹ̀

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tó ti kọjá Ifọ̀ àti Papalanto, yóò rí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò lẹ́bàá ọ̀nà. Kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ yẹn ni kòtò ràgàjì tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun wà. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ ilé ìwé, òbí wọn àti àwọn ará àdúgbò máa ń béèrè nípa òkúta yìí jọ síhìn-ín. Gbogbo wa la fi símẹ́ńtì rẹ̀ kọ́lé, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé fọ́sììlì, ìyẹn òkú tàbí àmì ẹ̀dá àtijọ́ tó ti di òkúta, wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Kí ni “Ewekoro Formation” tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ máa ń dárúkọ?

Orúkọ ìpele òkúta kan ni. Bí òkúta bá jọra, tó jẹ́ pé àsìkò kan náà ló ṣẹ̀dá, tí èèyàn sì lè tọpa rẹ̀ láti ìlú kan dé òmíràn, àwọn onímọ̀ á fún un lórúkọ, ibi tí wọ́n ti rí i kedere jù ni wọ́n sì sábà máa ń fi sọ ọ́. H. A. Jones àti R. D. Hockey ló ṣàpèjúwe ìpele yìí nínú ìwé tí Geological Survey of Nigeria gbé jáde ní 1964, kúárì Ewékorò ni wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀.

Òkúta ẹfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Ewékorò, ó nípọn tó nǹkan bíi mítà 11 sí 12. Kò sì mọ síbẹ̀: ó wà ní Ìbèsè, ó wà ní Ṣàgámù, ó sì ré kọjá ààlà lọ sí ilẹ̀ Benin àti Togo. Gbogbo rẹ̀ wà nínú agbada ilẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dahomey Basin, tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Ghana, tó sì parí sí agbègbè Ọ̀kìtìpupa.

Ṣé òótọ́ ni pé òkun dé Ewékorò rí?

Òótọ́ ni. Lónìí, Ewékorò fi ohun tó lé ní 50 kìlómítà jìnnà sí etí òkun, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá tó wà nínú òkúta rẹ̀ kò lè gbé ibòmíràn ju inú omi iyọ̀ lọ. Kórálì wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dá òkun tó ń fi ẹfun kọ́ ilé ara rẹ̀. Echinoid wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dá kékeré róbótó tó máa ń ní ẹ̀gún yí ara ká. Nautiloid náà wà, èyí tó ní ìkarahun oníyàrá-yàrá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé odò, kò sì sí èyí tó lè pẹ́ nínú omi ọ̀sà tí kò níyọ̀. Bí a bá rí gbogbo wọn pọ̀ nínú òkúta kan náà, òkun ló gbé wọn.

Bí òkun ṣe débẹ̀ ni ohun tó wù mí jù láti sọ. Nígbà kan, ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù so pọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ibi tó so ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ́ Brazil kẹ́yìn já. Òkun Àtìláńtíìkì gba àárín wọn kọjá. Etí ilẹ̀ tó ya náà ń rì sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn odò sì ń kó yanrìn wá dà sínú rẹ̀. Yanrìn yẹn ni òkúta tí wọ́n ń fi orúkọ Abẹ́òkúta pè nínú ìmọ̀ ilẹ̀, òun ló sì wà lábẹ́ òkúta ẹfun Ewékorò. Nígbà tó yá, òkun gòkè wá bo yanrìn mọ́lẹ̀. Ayé gbóná ju báyìí lọ lásìkò náà, kò sí yìnyín ràgàjì tó ń ká omi mọ́lẹ̀ ní orí àti ìdí ayé bó ṣe rí lónìí, nítorí náà òkun ga.

Lásìkò kan náà, òkun mìíràn gba àríwá wọlé, ó la apá kan ilẹ̀ tó di aṣálẹ̀ Sàhárà lónìí kọjá, ó sì dé Sokoto. Òkúta ẹfun Kalambaina tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì ní Sokoto, òun ló fi í sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tó? Báwo ni wọ́n sì ṣe mọ iye ọdún rẹ̀?

Àsìkò tí wọ́n ń pè ní Paleocene ni, láàárín 66 sí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wọn ọdún rẹ̀. Rárá o. Kábọ́ọ̀nù kò wúlò fún ohun tó bá ti ju nǹkan bí 50,000 ọdún lọ, torí pé èyí tí wọ́n ń wọ̀n yóò ti tán pátá nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní foraminifera ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó orí abẹ́rẹ́. Inú òkun ni wọ́n ń gbé, ìkarahun wọn sì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kú. Irú kan á gbilẹ̀ fún àsìkò kan, á kú tán, irú mìíràn á sì dípò rẹ̀. Àwọn tó ń léfòó lójú omi lára wọn máa ń tàn ká òkun púpọ̀, nítorí náà bí a bá rí irú kan ní Ewékorò tí a sì rí i ní ibòmíràn tí eérú òkè oníná wà nítòsí rẹ̀, a lè fi ọdún eérú yẹn mọ ọdún tiwa. Ohun tó wà nínú eérú ni wọ́n ń wọ̀n, nítorí pé ó ń yí padà sí ohun mìíràn ní ìwọ̀n tí kò yẹ̀.

Ohun kejì ni glauconite, èròjà aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ̀dá nísàlẹ̀ òkun. Ó ní potassium nínú, èyí tí díẹ̀ lára rẹ̀ ń di argon bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìlà glauconite kan wà ní Ewékorò lókè òkúta ẹfun, mo máa tún dárúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn ẹ̀dá wo gan-an ló wà nínú rẹ̀?

Àwọn ìgbín òkun ló pọ̀ jù lójú. Àwọn kan rí gígùn ṣoṣoro, wọ́n lọ́ yípo títí dé ṣónṣó orí. Turritella àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn kúrú, wọ́n sì sanra. Tẹ̀lé wọn ni àwọn oníkarahun méjì tí ìkarahun wọn máa ń pa dé mọ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Togocyamus. Láti Togo ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ó sì wà ní ilẹ̀ tiwa náà.

Akàn wà níbẹ̀. Eyín ẹja àkurákudà wà, tó ń dán, tó sì mú bíi pé àná ló bọ́ lẹ́nu ẹja. Ìdí tí eyín fi máa ń pọ̀ ju egungun lọ ni pé egungun àkurákudà rọ̀, ó máa ń jẹrà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le, ó sì ń pa eyín dà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sílẹ̀ sísàlẹ̀ òkun kó tó kú.

Kórálì àti ewé òkun tún wà. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ewé òkun. Irú èyí tó wà níbẹ̀ máa ń kó ẹfun sí ara rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, apá kan nínú òkúta náà sì jẹ́ pé ara wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n tún ń sọ ohun pàtàkì kan fún wa: ewé kò lè dàgbà láìsí oòrùn, nítorí náà òkun ibẹ̀ kò jìn, omi rẹ̀ sì mọ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé dé ìsàlẹ̀.

Àwọn tí ojú lásán kò lè rí ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Kí wọ́n tó rí foraminifera inú òkúta tó le, wọ́n máa ń gé òkúta náà sí pẹlẹbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n á wá máa fi ìyẹ̀fun líle yún un títí yóò fi tín-ín-rín dé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú òkúta kọjá. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wò ó yóò rí i pé òkúta tó dà bí ohun tó dán lásán kún fún yàrá róbótó-róbótó tí a kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀dá alààyè kọ̀ọ̀kan ló sì kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Báwo ni ìkarahun ṣe wá di òkúta?

Ọ̀nà tó gbà kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹ̀dá bá kú, tí ẹrẹ̀ ẹfun sì tètè bò ó, ẹran ara rẹ̀ á jẹrà, ìkarahun á kù. Ẹrẹ̀ á wọnú ìkarahun, á kún un dẹ́nu. Ẹrẹ̀ mìíràn á gorí rẹ̀, ìwúwo á fún omi jáde, ẹfun tó yòrò nínú omi á sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di òkúta.

Ìkarahun fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ìyẹn sinmi lórí irú ẹfun tí ẹ̀dá náà fi kọ́ ọ. Irú kan wà tí kò tètè yòrò, òun ni ọ̀pọ̀ ìkarahun oyster, irú oníkarahun méjì kan, ní. Irú kejì, tí ọ̀pọ̀ ìgbín òkun ń lò, máa ń yòrò bí omi bá ti ń gba inú òkúta kọjá fún àìmọye ọdún. Ìkarahun á lọ, ẹrẹ̀ tó ti dì nínú rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ẹ rántí ẹ̀kọ tí wọ́n bù sínú abọ́, tó sì dì: bí a bá yọ abọ́ kúrò, ẹ̀kọ á dúró, á sì gbé àwòrán inú abọ́ náà. Ohun tó pọ̀ nínú àwọn ìgbín Ewékorò nìyẹn. Ẹ̀ ń wo inú ilé ìgbín náà, ẹ kò rí ògiri ilé rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé àlàfo wà láàárín ìlọ́po kan àti èkejì. Àlàfo yẹn ni ìkarahun wà tẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí, iṣẹ́ àtimọ orúkọ wọn kò rọrùn rárá, torí pé iṣẹ́ ọnà ara ìkarahun lóde ni àwọn onímọ̀ fi ń dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Wọ́n máa ń wá àmì tó wà lára òkúta tó yí i ká, wọ́n á tẹ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi rọ́bà yẹn mú àwòrán ìkarahun tó ti lọ padà.

Tí èèyàn bá dúró níwájú ògiri kúárì, kí ni yóò rí láti ìsàlẹ̀ dé òkè?

Yóò rí bí òkun ṣe wọlé, bó ṣe gbé ibẹ̀, àti bó ṣe yí padà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni òkúta ẹfun tó ní yanrìn púpọ̀. Ìgbà yẹn, etíkun kò jìnnà, odò ṣì ń kó yanrìn dà á. Lókè rẹ̀ ni òkúta tó kún fún ìkarahun. Yanrìn ti dínkù, omi ti mọ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ewé òkun pọ̀ nínú rẹ̀. Òkúta ẹfun tó pupa, tó ní díẹ̀ nínú fọ́sífétì (èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀), ni onímọ̀ ilẹ̀ F. G. A. Ogbe tò sí òkè gbogbo wọn nígbà tó pín òkúta Ewékorò sí irú mẹ́rin ní 1972.

Lókè òkúta ẹfun ni ìlà aláwọ̀ ewé wà, glauconite tí mo sọ ṣáájú. Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Glauconite kì í ṣẹ̀dá níbi tí ẹrẹ̀ bá ti ń dà wọlé kíákíá. Ó ń fẹ́ ìsàlẹ̀ òkun tó parọ́rọ́, tí ohun púpọ̀ kì í balẹ̀ sí. Nítorí náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí òkun fi wà níbẹ̀ láìkó ohun púpọ̀ jọ, nígbà tí mítà kan òkúta níbòmíràn lè jẹ́ iṣẹ́ àsìkò tó kéré sí i. Ìnípọn òkúta kì í sọ iye ọdún.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ dúdú pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Akinbo Formation. Òkun ti jìn sí i, ẹrẹ̀ ló ń rọ̀ wálẹ̀ báyìí, kórálì kò sì sí mọ́. Òkúta fọ́sífétì tí wọ́n sọ lórúkọ Oshosun, ìletò kan nítòsí Ifọ̀, kéré sí èyí lọ́jọ́ orí, ti Ìláròó sì tẹ̀lé e.

Ṣé egungun dáínósọ̀ wà níbẹ̀?

Kò sí, kò sì lè sí. Dáínósọ̀ kú tán ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òkúta ẹfun Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Ẹni tó bá fẹ́ dáínósọ̀ Áfíríkà kó wo ilẹ̀ Niger, ní aṣálẹ̀ Ténéré, níbi tí wọ́n ti wa Nigersaurus àti Suchomimus jáde.

Ní tèmi, èyí gan-an ló jẹ́ kí Ewékorò níye lórí. Àjálù tó pa dáínósọ̀ pa ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú òkun náà. Àwọn tí a ń rí nínú òkúta wa ni àwọn tó yè é, àti ọmọ wọn. Wọ́n ń sọ fún wa bí òkun ilẹ̀ olóoru ṣe tún kún padà lẹ́yìn ikú ńlá.

Ṣé kì í ṣe ìkún omi ayé Nóà ló kó ìkarahun débẹ̀?

Wọ́n máa ń bi mí léyìí gan-an, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí òkúta fi hàn ni mo lè sọ. Omi tó bá ya lójijì máa ń da ohun gbogbo pọ̀ mọ́ra: òkúta ńlá, igi, yanrìn, ẹran orí ilẹ̀. Ní Ewékorò, ohun tí a rí ni kórálì àti ewé òkun tó ń fẹ́ omi mímọ́ àti ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dàgbà. A rí ojú ihò tí àwọn ẹ̀dá gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun láti máa gbé ibẹ̀. A rí glauconite tó jẹ́ ọmọ ìdákẹ́jẹ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn ẹ̀dá tirẹ̀. Òkun tó pẹ́ níbẹ̀, tí ẹ̀dá ń bí, tí wọ́n ń dàgbà, tí wọ́n ń kú nínú rẹ̀ ló fi irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀.

Ṣé a lè rí fọ́sììlì lára Olúmọ?

Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Inú iná abẹ́ ilẹ̀ ni irú òkúta Olúmọ ti dì, ó sì ju òkúta ẹfun lọ lọ́jọ́ orí púpọ̀púpọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún. Kò sí ẹ̀dá tó lè fi àmì sílẹ̀ nínú òkúta tó yọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ra tó, síbẹ̀: láti Abẹ́òkúta sí Ewékorò kò gba wákàtí kan nínú ọkọ̀, ẹ sì ti kúrò lórí òkúta iná bọ́ sórí ìsàlẹ̀ òkun.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn wo ló ní irú rẹ̀?

Ní Benin, òkúta ẹfun Onígbólò nítòsí Pọ̀bẹ́, láàárín àwọn ará wa tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì. Ní Togo, Tabligbo ni. Togo tún ní fọ́sífétì ní Hahotoé àti Kpogamé, tó kéré sí òkúta ẹfun wa lọ́jọ́ orí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí àbùùbùtán àtijọ́ kan tí wọ́n sọ ní Togocetus traversei ní 2014. Nǹkan bí 45 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló gbáyé, lásìkò tí àwọn àbùùbùtán ṣì ní ẹsẹ̀. Bí mo bá ń ka ìyẹn, mo máa ń rántí fọ́sífétì Oshosun tó wà ní ilé wa, mo sì máa ń wò ó pé kò yẹ kí a ṣíwọ́ wíwá.

Ẹ sọdá òkun báyìí. Ní ìpínlẹ̀ Pernambuco ní Brazil, lápá àríwá Recife, òkúta ẹfun kan wà tí wọ́n ń pè ní Maria Farinha. Paleocene ni, òkun Àtìláńtíìkì tó ṣì kéré nígbà náà ló fi í sílẹ̀, wọ́n sì wa kúárì símẹ́ńtì sínú rẹ̀ bíi tiwa. Inú kúárì Poty níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀nì òkun kan, Guarinisuchus munizi, tí wọ́n kéde ní 2008. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ rí i pé ìbátan àwọn ọ̀nì òkun Áfíríkà ni, wọ́n sì gbà pé láti apá tiwa ni ìran rẹ̀ ti wẹ̀ sọdá. Àwọn ọmọ Nàgó tó wà ní Recife lónìí ń gbé lẹ́bàá òkúta tó jẹ́ ojúgbà òkúta Ewékorò.

Ṣé owó ẹyọ tí àwọn bàbá wa ń ná wà lára àwọn ìkarahun yìí?

Rárá. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà àti agbègbè Zanzibar ni wọ́n ti kó owó ẹyọ wá, ẹ̀dá òde òní sì ni.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn fọ́sììlì náà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe símẹ́ńtì?

Wọ́n ń parẹ́. Wọ́n á fi ohun abúgbàù fọ́ ògiri òkúta, wọ́n á kó o lọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì fi iná tó ooru rẹ̀ dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius yan án. Ìkarahun tó ti wà láti bí 60 mílíọ̀nù ọdún á di ìyẹ̀fun eérú. Ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti Ṣàgámù ní 1978, ti Ìbèsè ní 2012, ẹ fojú inú wo iye òkúta tó ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ apá kejì rẹ̀. Bí kì í bá ṣe kúárì ni, a kì bá má mọ ìdá kan nínú ohun tí a mọ̀. Ilẹ̀ wa ní ilẹ̀ pupa àti igbó tó bo òkúta mọ́lẹ̀. Kò sí etíkun gíga tí ìgbì ń gé fún wa. Kúárì ló ṣí ìwé náà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: kí wọ́n máa jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé wá ṣàyẹ̀wò ògiri tuntun kí wọ́n tó fọ́ ọ, kí wọ́n máa ya àwọn òkúta tó kún fún fọ́sììlì sọ́tọ̀ síbi kan, kí wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ ògiri kan sílẹ̀ gbangba nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa kòtò kan tì, torí pé bí wọ́n bá ti dẹ́kun fífa omi, kòtò á kún, ohun tó wà nísàlẹ̀ á sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kò sí èyí tó máa dí iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kí ọmọ tó dàgbà ní Ewékorò lè fọwọ́ kan ìgbín òkun ilẹ̀ rẹ̀ kó tó ka ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé.

Ọṣẹ kì í yára hó nínú omi kànga wa. Ṣé òkúta ẹfun ló fà á?

Ó ṣeé ṣe gan-an. Omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá máa ń yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹfun tó wà nínú omi yẹn ló sì ń bá ọṣẹ jà. Òun náà ló ń fi ohun funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tùlù. Ohun kan náà tí ẹ̀dá òkun fi kọ́ ìkarahun ni ẹ̀ ń fọ̀ kúrò nínú kẹ́tùlù.

Báwo ni mo ṣe lè mọ òkúta ẹfun yàtọ̀?

Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára níbi tó mọ́, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Bó bá ń hó kẹ́kẹ́rẹ́, tí ìfófòó kéékèèké ń jáde, ẹfun ni. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ha ibẹ̀ di ìyẹ̀fun, yóò hó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Áṣíìdì ni àwọn onímọ̀ máa ń gbé kiri nínú ìgò kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọdé ní ìyẹn. Ìṣó irin náà lè ha òkúta ẹfun, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohunkóhun fún òkúta Olúmọ.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí wo ló ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí n dárúkọ. Ní 1977, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí fọ́sììlì kan ní Ithaca ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí Ewékorò jáde, ó tò ó láti orí ìpele òkúta dé orí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí òkúta yìí lónìí ṣì ń padà síbẹ̀. Òun àti M. E. Omatsola ló tún pín òkúta Abẹ́òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ní 1981. Ogbe ló fún Akinbo lórúkọ. Ó dùn mí pé a kì í gbọ́ orúkọ wọn nílé ìwé.

Ṣé mo lè wọ kúárì lọ wá fọ́sììlì, kí n sì tà á?

Ẹ má wọ kúárì láìgba àṣẹ. Ohun abúgbàù wà níbẹ̀, ògiri máa ń ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, omi inú kòtò àtijọ́ sì jìn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ ní kó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ṣáájú. Kí gbogbo wọn dé akoto, kí wọ́n sì wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ní ti títà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ nípasẹ̀ òfin ìwakùsà ti 2007, ìgbín òkun Ewékorò kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá rà. Iye tó ní wà nínú ohun tó ń sọ.

Mo ti rí ọ̀kan nínú òkúta tí wọ́n já sílẹ̀ fún ilé kíkọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ fi owó ẹyọ náírà tàbí bíírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè hàn. Ẹ má fi òòlù gbẹ́ ẹ jáde. Bí òkúta náà bá ṣeé gbé, ẹ gbé e lódidi. Ẹ má fi áṣíìdì tàbí omi ọsàn fọ̀ ọ́, torí pé ohun tó ń yọ́ òkúta ni yóò yọ́ fọ́sììlì náà. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi awakọ̀ tó já a pé kúárì wo ló ti kó o wá. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé: orúkọ kúárì, ọjọ́ tí ẹ rí i, ìlú tí ẹ ti rí i, àti orúkọ yín. Ẹ wé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ fi ìwé pélébé náà sínú ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́sììlì tí kò ní ìwé yìí lára di ohun ọ̀ṣọ́ lásán, kò sẹ́ni tó lè fi ṣe ìwádìí mọ́. Ẹ wá mú un lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí sí ilé ohun ìṣẹ̀dá tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún un sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.